Pípààrọ̀ Pádì àti Dísìkì Bíréèkì Iwájú Ọkọ̀ Nílé: Ìgbésẹ̀ Pẹ̀lú Ìdí

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àlàyé bí ẹni tí ó ní ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ṣe lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ pààrọ̀ pádì àti dísìkì bíréèkì iwájú nínú àgbàlá ilé rẹ̀. Ọkọ̀ Toyota Corolla, tí ó wọ́pọ̀ ní ojú pópó wa, ni a fi ṣe àpẹẹrẹ. Ohun tí iṣẹ́ yìí tẹnu mọ́ ni pé kò sí ìgbésẹ̀ kan nínú iṣẹ́ náà tí kò ní ìdí, àti pé ẹni tí ó bá há ìgbésẹ̀ sórí láìmọ ìdí rẹ̀ lè fo èyí tí ó ṣe kókó jù lọ. Ní ìparí, a fi hàn bí olùkọ́ èdè Yorùbá ṣe lè lo irú àlàyé bẹ́ẹ̀ nínú kíláàsì.

1.0 Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti í wò ó. Bíréèkì wà lára ohun tí ó yẹ kí awakọ̀ ti òkèèrè máa wò. Ọkọ̀ tí kò lè gbéra kò tíì pa ẹnikẹ́ni; ọkọ̀ tí kò lè dúró ni ẹ̀rù rẹ̀ yẹ kí ó máa bà wá.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo pààrọ̀ pádì bíréèkì ọkọ̀ mi fún ìgbà àkọ́kọ́. Ọ̀rẹ́ mi kan tí ó mọ iṣẹ́ náà ka ìgbésẹ̀ rẹ̀ fún mi, mo sì kọ ọ́ sínú ìwé bí ọmọ ilé-ìwé. Mo tú ohun tí ó yẹ ní títú, mo tò ó padà, mo dè é pinpin. Inú mi dùn. Mo ṣíná sí ọkọ̀, mo fi jíà sí ẹ̀yìn kí n lè yí i padà nínú àgbàlá. Nígbà tí mo tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ mi rì lọ sílẹ̀ pátápátá, ọkọ̀ kò sì dúró. Mo yára fa bíréèkì ọwọ́. Síbẹ̀, ẹ̀yìn ọkọ̀ ti kọlu ògiri ilé ìdáná. Ọmọ mi obìnrin tí ó ń fọ abọ́ níbẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lọ pọn omi ni. Nígbà tí ara mi balẹ̀, mo padà sí ìwé mi. Ìlà kan ṣoṣo ni mo fò: 'Tẹ bíréèkì léraléra kí o tó wa ọkọ̀.' Mo fò ó nítorí pé n kò mọ ohun tí ó wà fún.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti gbà pé àlàyé tí kò bá sọ ìdí kò tíì parí. Bí a ó ti máa to ìgbésẹ̀ iṣẹ́ náà nísàlẹ̀ yìí ni a ó máa sọ ìdí tí ìkọ̀ọ̀kan fi wà níbẹ̀.

2.0 Bí Bíréèkì Dísìkì Ṣe Ń Ṣiṣẹ́

Lẹ́yìn táyà iwájú kọ̀ọ̀kan ni àwo irin róbótó kan wà tí ó ń bá táyà yí. Òun ni dísìkì. Kálípà gun ètí àwo yìí bí ìgbà tí ènìyàn fi àtàǹpàkò àti ìka mú etí àwo oúnjẹ. Nínú kálípà ni pádì méjì wà, ọ̀kan ní inú, ọ̀kan ní ìta, tí dísìkì sì wà láàrin wọn.

Bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì, òróró bíréèkì yóò gba inú ọ̀pá àti róbà lọ ti písítìn tí ó wà nínú kálípà. Písítìn yóò ti pádì inú mọ́ dísìkì. Kálípà fúnra rẹ̀ yóò yọ̀ lórí pínnì méjì tí ó gbé e ró, yóò sì fa pádì ìta náà mọ́ dísìkì láti òdìkejì. Pádì méjèèjì yóò wá máa gbo ara dísìkì títí eré ọkọ̀ yóò fi rọlẹ̀.

Kí ni eré náà dà? Ooru ni ó dà. Bí ọkọ̀ tí ó wúwo tó 1,200 kìlógíráàmù bá ń sá eré 100 kìlómítà ní wákàtí kan, tí a sì dá a dúró, ooru tí yóò jáde láti ara bíréèkì rẹ̀ pọ̀ tó èyí tí ó lè mú omi tí ó ju lítà kan lọ hó. Bí a bá sọ eré di ìlọ́po méjì, ooru náà yóò di ìlọ́po mẹ́rin. Nígbà tí a bá sì tẹ bíréèkì, ọkọ̀ a máa tẹ orí ba síwájú, ìwúwo rẹ̀ a sì sún sí ẹsẹ̀ iwájú. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré, nǹkan bí ìdá méje nínú mẹ́wàá iṣẹ́ ìdádúró ni bíréèkì iwájú ń ṣe. Ìdí nìyí tí pádì iwájú fi sábà máa ń tètè jẹ ju ti ẹ̀yìn lọ.

Ọgbọ́n yìí kì í ṣe tuntun. Frederick Lanchester gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí irú bíréèkì yìí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1902. Ní ọdún 1953, ọkọ̀ Jaguar tí ó lo bíréèkì dísìkì gbégbá orókè nínú ìdíje Le Mans ní ilẹ̀ Faransé. Ọdún 1955 ni Citroën gbé ọkọ̀ DS jáde pẹ̀lú dísìkì ní iwájú. Láti ìgbà náà ni ó ti ń tàn kálẹ̀ títí tí ó fi di ti gbogbo ayé.

3.0 Àmì Tí A Fi Ń Mọ̀ Pé Àsìkò Ti Tó

Bíréèkì a máa sọ̀rọ̀ kí ó tó kọ iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ pádì ni ó ní ahọ́n irin kékeré kan lára. Bí pádì bá ti jẹ dé ìwọ̀n kan, ahọ́n yìí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kan dísìkì, yóò sì máa han gooro. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ a máa gbé ohùn rédíò sókè kí wọ́n má baà gbọ́ ọ. Bí a kò bá dá a lóhùn, pádì yóò jẹ tán, irin ẹ̀yìn rẹ̀ yóò sì máa ha dísìkì pẹ̀lú ìró ràkọ̀ràkọ̀. Ní àkókò yìí, ohun tí ìbá jẹ́ owó pádì nìkan ti di owó pádì àti dísìkì.

Pádì tuntun a máa ní ìpọ́n tí ó tó mìlímítà 10 sí 12, láìka irin ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ó bá ti ku mìlímítà 3, ó yẹ ní pípààrọ̀. Kí a rí i dájú pé a wo pádì inú náà, kì í ṣe ti ìta tí ojú tètè ń tó nìkan, nítorí pé bí pínnì kálípà bá gan, pádì inú lè jẹ tán nígbà tí ti ìta ṣì nípọn.

Ní ti dísìkì, ohun mẹ́rin ni a ń wò: bóyá ó ti tín ju bí ó ti yẹ lọ, bóyá ó ti sán, bóyá ojú rẹ̀ ti là bí ojú poro oko, àti bóyá ìtẹ̀ bíréèkì ń gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ nígbà tí a bá ń dá ọkọ̀ dúró. Wọ́n sábà máa ń kọ ìwọ̀n tí dísìkì kò gbọdọ̀ tín jù sí ara rẹ̀ pẹ̀lú àmì MIN TH. Dísìkì tí ó bá ti tín jù kò lè gba ooru púpọ̀ sára mọ́. Ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ bí ti òkè Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, níbi tí awakọ̀ ti lè tẹ bíréèkì lọ títí, irú dísìkì bẹ́ẹ̀ a máa gbóná kọjá ààlà, bíréèkì a sì dẹ̀.

4.0 Irinṣẹ́ àti Ohun Èlò

Irinṣẹ́ tí a nílò nìwọ̀nyí: jáàkì, ìdúró irin méjì tí ó lè gbé ọkọ̀ ró, sípánà nọ́ọ̀tì táyà (oní-21 ni ti Corolla), sípánà fún bọ́ọ̀tù kálípà (ó sábà máa ń jẹ́ oní-14 àti oní-17), kíláǹpù, òòlù, búrọ́ọ̀ṣì onírin, wáyà líle, gíríìsì tí a ṣe fún bíréèkì, òògùn ìfọ bíréèkì, ìbọ̀wọ́ àti ìbomú.

Pádì mẹ́rin àti dísìkì méjì ni a ó rà, nítorí pé ẹsẹ̀ ọ̀tún àti ti òsì ni a ó pààrọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí a bá pààrọ̀ apá kan ṣoṣo, apá náà lè di ọkọ̀ mú ju èkejì lọ, ọkọ̀ yóò sì máa fà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹni tí ó bá ń lọ sí ọjà Ládípọ̀ ní Mushin tàbí ti Agodi Gate ní Ìbàdàn, kí ó mú ọdún àti irú ọkọ̀ rẹ̀ lọ ní àkọsílẹ̀. Bí ó bá ṣeé ṣe, kí ó mú pádì àtijọ́ dání. Kí ó wò bóyá ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ irin pádì ti sán tàbí ó ti ń ṣí. Ẹ̀yà ọkọ̀ tòkunbọ̀ wúlò ní ọ̀pọ̀ ọ̀nà, ṣùgbọ́n pádì tòkunbọ̀ kì í ṣe ohun tí ó yẹ kí ènìyàn fi owó rà.

5.0 Ìgbésẹ̀ Iṣẹ́ Náà

5.1 Gbígbé ọkọ̀ sókè

Orí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú tí ó sì le ni a ó gbé ọkọ̀ sí. A ó fa bíréèkì ọwọ́, a ó sì fi igi tàbí òkúta dí táyà ẹ̀yìn níwájú àti lẹ́yìn. Kí a tó gbé ọkọ̀ sókè ni a ó ti dẹ nọ́ọ̀tì táyà díẹ̀, nítorí pé bí táyà bá ti kúrò nílẹ̀, yóò máa bá sípánà yí ni. Lẹ́yìn náà ni a ó fi jáàkì gbé ọkọ̀ ní ibi tí ìwé ọkọ̀ tọ́ka sí, a ó sì ti ìdúró irin sábẹ́ rẹ̀.

A kò gbọdọ̀ ti ara bọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé ró. Jáàkì lè yọ̀, òróró inú rẹ̀ sì lè jò. Búlọ́ọ̀kù kò ṣeé fi rọ́pò ìdúró irin, nítorí pé ó lè fọ́ lójijì láìfi àmì kankan hàn. Táyà tí a bá tú, kí a tì í sábẹ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Bí ohun mìíràn bá yẹ̀, táyà náà ni ọkọ̀ yóò jókòó lé.

5.2 Títú kálípà, pádì àti dísìkì

Ẹsẹ̀ kan ni kí a kọ́kọ́ tú. Kí a fi èkejì sílẹ̀ bí ó ti wà, kí ó lè jẹ́ àwòkọ́ṣe fún wa bí ọ̀nà bá dàrú mọ́ wa lójú.

A ó tú bọ́ọ̀tù kékeré méjì tí ó wà lẹ́yìn kálípà, a ó sì gbé kálípà kúrò. Kí a fi wáyà so ó rọ̀ mọ́ irin ìdí ọkọ̀. Kí a má ṣe jẹ́ kí ó fi róbà bíréèkì rọ̀, nítorí pé ìwúwo rẹ̀ lè fa róbà náà ya ní inú láìhàn ní ìta. A ó yọ pádì àtijọ́, a ó sì kíyè sí ibi tí ahọ́n irin wọn kọjú sí. Lẹ́yìn èyí ni a ó tú bọ́ọ̀tù ńlá méjì tí ó de irin agbékálípà, kí dísìkì lè rí ọ̀nà jáde.

Dísìkì àtijọ́ sábà máa ń dógùn-ún mọ́ họ́ọ̀bù. Ní ara dísìkì Corolla, ihò kékeré méjì wà tí a lè fi bọ́ọ̀tù oní-mìlímítà 8 dè sí. Bí a bá ń dè wọ́n díẹ̀díẹ̀, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì, wọn yóò ti dísìkì jáde. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Òòlù tí a fi ìbínú lù lè ba bẹ́rìn-ìn inú họ́ọ̀bù jẹ́.

Kí a má ṣe fẹ́ eruku bíréèkì pẹ̀lú ẹnu tàbí afẹ́fẹ́. Wọ́n ti lo asbestos nínú ọ̀pọ̀ pádì rí, eruku rẹ̀ sì lè fa àrùn jẹjẹrẹ. Aṣọ tútù tàbí òògùn ìfọ bíréèkì ni kí a fi nù ún.

5.3 Fífọ ojú họ́ọ̀bù àti títo dísìkì tuntun

A ó fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha gbogbo ìpẹtà ojú họ́ọ̀bù kúrò títí yóò fi dán. Bí ìpẹtà tín-ín-rín bá há sí àárín họ́ọ̀bù àti dísìkì, dísìkì kò ní jókòó dọ́gba, ìtẹ̀ bíréèkì yóò sì padà máa gbọ̀n bí ó ti ń gbọ̀n tẹ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó ń dá dísìkì tuntun lẹ́bi, họ́ọ̀bù tí wọn kò fọ̀ ni ó dá wàhálà sílẹ̀.

Dísìkì tuntun a máa ní epo lára tí kò jẹ́ kí ó dógùn-ún lórí àtẹ. Kí a fi òògùn ìfọ bíréèkì nu epo yìí kúrò pátápátá, kí a tó fi dísìkì sí àyè rẹ̀, kí a sì dá irin agbékálípà padà. Pádì tí ó bá fa epo mu kò ní lè di dísìkì mú mọ́.

5.4 Písítìn, pínnì àti pádì tuntun

Nítorí pé pádì tuntun nípọn ju ti àtijọ́ lọ, a ní láti ti písítìn padà sínú kí àyè lè gbà wọ́n. A ó ṣí ìdérí ike òróró bíréèkì, a ó fi pádì àtijọ́ kan lé ojú písítìn, a ó sì máa fi kíláǹpù tì í wọlé jẹ́jẹ́. Kí a máa wo ike náà, nítorí pé òróró yóò máa gòkè. Bí ó bá fẹ́ kún, kí a fa díẹ̀ kúrò. Òróró bíréèkì a máa bó ọ̀dà ọkọ̀. Bí ó bá ta sí ara ọkọ̀, omi ni kí a yára dà sí i.

A ó fa pínnì kálípà méjèèjì jáde, a ó nù wọ́n, a ó sì fi gíríìsì bíréèkì pa wọ́n. Gíríìsì tí a fi ń pa bẹ́rìn-ìn kò dára fún un, nítorí pé ó lè mú kí róbà pínnì wú, kí pínnì náà sì gan. Lẹ́yìn náà ni a ó to pádì tuntun sí àyè wọn, a ó dá kálípà padà, a ó sì de gbogbo bọ́ọ̀tù dé ìwọ̀n tí ìwé ọkọ̀ sọ. A ó dá táyà padà, a ó sọ ọkọ̀ kalẹ̀, a ó sì de nọ́ọ̀tì táyà ní ìfọ̀nàkọràn, kì í ṣe ní yíyípo, kí táyà lè jókòó dọ́gba. Ìwọ̀n 103 Nm ni ti Corolla.

5.5 Títẹ bíréèkì kí a tó wa ọkọ̀

Níbí yìí ni mo ti ṣìnà. Nígbà tí a ti písítìn padà, àlàfo wà láàrin rẹ̀ àti pádì, ó sì tún wà láàrin pádì àti dísìkì. Ìtẹ̀ kan kò lè gbé òróró tí yóò dí àlàfo náà. Bí a bá wa ọkọ̀ báyìí, ẹsẹ̀ yóò rì lọ sílẹ̀, ọkọ̀ kò sì ní dúró. Nítorí náà, nígbà tí ọkọ̀ ṣì dúró sójú kan, kí a tẹ bíréèkì léraléra títí yóò fi le lábẹ́ ẹsẹ̀. Kí a wá wo ike òróró, kí a bù kún un bí ó bá lọ sílẹ̀, kí a sì dé e. Irú òróró tí wọ́n kọ sí ìdérí ike náà, bíi DOT 3, ni kí a lò. Òróró ẹ́ńjìnì kò gbọdọ̀ débẹ̀ rárá, nítorí pé yóò mú kí gbogbo róbà inú bíréèkì wú.

Bí ìtẹ̀ bíréèkì bá kọ̀ tí kò le, tàbí tí a rí òróró tí ó ń jò, tàbí tí róbà bíréèkì ti sán, kí a má ṣe wa ọkọ̀ náà jáde. Kí a pe mẹkáníìkì wá bá a nílé. Mímọ ibi tí agbára ẹni mọ wà lára mímọ iṣẹ́.

6.0 Fífi Pádì Tuntun Mọ Dísìkì

Pádì tuntun àti dísìkì tuntun kò tíì mọ ara wọn. Ní ọ̀nà tí ó dá, kí a sáré dé nǹkan bí 60 kìlómítà ní wákàtí kan, kí a tẹ bíréèkì níwọ̀ntúnwọ̀nsì títí eré yóò fi rọ̀ dé 15 tàbí 20, láìdúró pátápátá. Kí a ṣe èyí tó ìgbà mẹ́jọ sí mẹ́wàá, kí a fi àyè sílẹ̀ láàrin kí ooru lè lọ. Ohun tí èyí ń ṣe ni pé ó ń fi ìwọ̀nba ara pádì lẹ̀ mọ́ ojú dísìkì ní ọgbọọgba. Bí a bá dúró gbagidi nígbà tí ó gbóná, pádì yóò lẹ̀ mọ́ ojú kan ju ibòmíràn lọ, bíréèkì yóò sì máa gbọ̀n. Fún 300 kìlómítà àkọ́kọ́, kí a yẹra fún ìtẹ̀ òjijì, àfi bí ewu bá dé. Lẹ́yìn ìrìn àkọ́kọ́, kí a tún fi sípánà yẹ nọ́ọ̀tì táyà wò.

7.0 Ohun Tí Olùkọ́ Èdè Lè Rí Mú Níbẹ̀

Ẹ̀kọ́ méjì ni àlàyé yìí ní fún kíláàsì wa. Èkíní jẹ mọ́ aròkọ alálàyé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa mọ bí a ṣe ń lo 'lákọ̀ọ́kọ́', 'lẹ́yìn náà' àti 'ní ìparí' láti fi to ìgbésẹ̀. Ohun tí wọ́n sábà máa ń gbàgbé ni 'nítorí pé', 'kí ó lè' àti 'kí ó má baà', àwọn tí a fi ń sọ ìdí. Kí olùkọ́ rán wọn lọ sí ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, aránṣọ tàbí aláró, kí wọ́n kọ ìgbésẹ̀ mẹ́wàá sí apá kan ìwé, kí wọ́n sì kọ ìdí ìkọ̀ọ̀kan sí òdìkejì. Ibi tí apá ìdí bá ṣófo, ibẹ̀ ni kí wọ́n padà lọ béèrè.

Èkejì jẹ mọ́ ọ̀rọ̀ àyálò. Èdè Yorùbá kì í gba ìṣùpọ̀ kọ́ńsónáǹtì, bẹ́ẹ̀ ni kì í fi kọ́ńsónáǹtì parí sílébù. Nítorí náà ni a fi fi fáwẹ̀lì la 'bíréèkì' àti 'sípánà' láàrin, tí a sì fi fáwẹ̀lì parí 'pádì' àti 'dísìkì'. Àwọn mẹkáníìkì tí kò jókòó nínú kíláàsì fonọ́lọ́jì rí ń tẹ̀lé òfin yìí lójoojúmọ́ láìṣì í. Àpẹẹrẹ tí akẹ́kọ̀ọ́ bá fetí ara rẹ̀ gbọ́ ní ìsọ̀ wọn kò ní tètè kúrò lọ́kàn rẹ̀.

8.0 Àgbálọgbábọ̀

Nínú iṣẹ́ yìí, a ti ṣàlàyé bí bíréèkì dísìkì ṣe ń ṣiṣẹ́, àmì tí ó fi ń bẹ̀bẹ̀ fún ìtọ́jú, àti bí a ṣe lè pààrọ̀ pádì àti dísìkì rẹ̀ nílé. Kì í ṣe gbogbo wa ni yóò tú táyà fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ ìdí yóò lè bi mẹkáníìkì léèrè bóyá ó fọ họ́ọ̀bù, bóyá ó pa pínnì ní gíríìsì, bóyá ó tẹ bíréèkì kí ó tó wa ọkọ̀.

Àpá ìkọlù náà ṣì wà lára ògiri ilé ìdáná mi. Àwọn ará ilé ní kí n rẹ́ ẹ, n kò gbà. Nígbàkigbà tí mo bá ń múra ẹ̀kọ́ sílẹ̀, tí mo sì fẹ́ fo ìdí ohun kan nítorí pé àkókò kò tó, àpá yẹn ni mo máa ń rántí.